Nígbà Tí Wọ́n Fẹ́ Fi Mí Jẹ Ìyá

Wọ́n ní ọ̀tá ẹni kì í pa òdù ọ̀yà. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ síta nígbà náà, kí ẹnikẹ́ni má baà ní mo fi ọ̀rọ̀ pamọ́: mi ò fẹ́ràn Máfọwọ́kàn, òun náà ò sì fẹ́ràn mi. Ọdún kan náà la wọ ilé àwọn sístà, yàrá kan náà la ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń de ìborí, láti ìgbà náà sì ni ara wa ò ti gba ara wa. Òun ló ń tọ́jú owó ilé. Bí o bá fẹ́ ra ọṣẹ, ọ̀dọ̀ rẹ̀ lo máa lọ. Bí o bá fẹ́ tún òrùlé ṣe, ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà ni, ìdáhùn kan náà lo sì máa gbà. Àwọn ọmọ tuntun ló sọ ọ́ ní Máfọwọ́kàn, a kì í sì í pè é létí rẹ̀. Èmi rò pé ó ti gbọ́ ọ tipẹ́, orúkọ náà sì dùn mọ́ ọn.

Èmi ni agbẹ̀bí. Ilé ìgbẹ̀bí tí mo ń tọ́jú wà ní ìlú kan tó jìnnà sí ilé ńlá wa, lẹ́yìn ibùdókọ̀: yàrá ìrọbí kan, yàrá kan tí bẹ́ẹ̀dì mẹ́fà wà, àti ìkòkò ńlá tí mo fi ń se àwọn irinṣẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti lo agbára mi. Òrùlé rẹ̀ ń jò, mi ò jiyàn. Máfọwọ́kàn ní ilé náà ń jẹ owó bí ikán ṣe ń jẹ igi, ó ní ilé ìwòsàn ìjọba ti wà ní ìlú náà báyìí, ká kúkú ti tiwa pa, ká sọ ọ́ di ilé àlejò tí àwọn èèyàn á ti máa sanwó sùn. Òótọ́ ni pé ilé ìwòsàn ìjọba wà. Ohun tí kò sọ ni pé bí obìnrin bá débẹ̀ tí kò mú nǹkan kan lọ́wọ́, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n máa ní kó máa lọ. Mo ti gbẹ̀bí obìnrin lẹ́nu géètì wa rí nítorí bẹ́ẹ̀, nínú òjò.

Àwa àti ìpàdé ńlá kì í ríra ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ní ọdún mẹ́fà. Ilé kọ̀ọ̀kan á yan ẹni tó máa lọ, gbogbo wa á kóra jọ sí ilé ńlá, a ó kọ́kọ́ dìbò yan Ìyá Gbogbogbò, ìyẹn ẹni tó ń darí gbogbo wa, tí a máa ń pè ní Ìyá lásán. Lẹ́yìn náà la ó wá jíròrò ọ̀rọ̀ ilé. Ìpàdé yìí ló ga jù. Ohun tí wọ́n bá fọwọ́ sí níbẹ̀, Ìyá fúnra rẹ̀ kò lè yí i padà títí ìpàdé mìíràn á fi dé. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ọ̀rọ̀ tó kàn gan-an lẹ́yìn ìdìbò ni ọ̀rọ̀ ilé ìgbẹ̀bí: ká tì í, tàbí ká má tì í. Mo ti múra ohun tí mo máa sọ sílẹ̀. Lójú ọ̀nà nínú ọkọ̀, mò ń sọ ọ́ fún ara mi, awakọ̀ sì ń wò mí nínú dígí bóyá orí mi ti dàrú.

Àṣà kan wà nílé wa tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀, nítorí òun lọ̀rọ̀ dá lé. Ẹni tó bá wà lórí àga Ìyá ní ìpàdé kì í dá sí àríyànjiyàn. Á pe ẹni tó kàn láti sọ̀rọ̀, á ní kí ẹni tó ń pariwo jókòó, á sì kéde ibi tí ọ̀rọ̀ bá já sí. Kò gbọ́dọ̀ sọ pé ó dára, kò gbọ́dọ̀ sọ pé kò dára, kì í sì í bá wọn dìbò lé ọ̀rọ̀ náà. Obìnrin tó dá ẹgbẹ́ wa sílẹ̀ ló fi òfin náà lélẹ̀. Ó ní ìyá tó bá gbè sẹ́yìn ọmọ kan ti di ìyá ọmọ kan ṣoṣo. Mo ti rí Ìyá kan tó ń jẹ ahọ́n rẹ̀ lórí àga yẹn títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Ọjọ́ tó ṣáájú ìdìbò, Ọjọ́ Ìbéèrè là ń pè é. Wàá lọ bá ẹnikẹ́ni tó o bá fẹ́ níbi tó bá wà, wàá bi í léèrè ohun tó mọ̀ nípa ẹlòmíràn, ó sì di dandan kó sọ ire àti ibi fún ọ. Ohun tó jẹ́ èèwọ̀ ni kí ẹnikẹ́ni ní kí wọ́n dìbò fún òun, tàbí kó ní kí wọ́n má dìbò fún lágbájá. Lọ́jọ́ náà, ọ̀pọ̀ ló wá bi mí nípa Máfọwọ́kàn. Mo sọ gbogbo ibi rẹ̀, mi ò bù mọ́ ọn. Mo sọ ire rẹ̀ náà: ó mọ owó í tọ́jú, kò jalè rí, ọ̀rọ̀ sì dá ṣáká lẹ́nu rẹ̀ tó fi jẹ́ pé bó bá ní ọ̀sán ni òru, wàá fẹ́ lọ tan àtùpà. Mo sọ ìyẹn kíákíá.

Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ ni Olùkọ́ wá bá mi. Ọ̀gá ilé ìwé wa ni, ọ̀rẹ́ mi tòótọ́ ni. Ó ní ohun kan ń ya òun lẹ́nu: Máfọwọ́kàn ń lọ káàkiri, ó ń bi àwọn èèyàn léèrè nípa èmi. Kì í ṣe ibi mi ló ń bèèrè o. Ó ń bèèrè bóyá mo lè jẹ Ìyá. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní bóyá ọjọ́ ikú rẹ̀ ti sún mọ́ tó fi ń ronú pìwà dà.

Ọjọ́ kejì, a wọ gbọ̀ngàn lẹ́yìn Máàsì. Àga wa yí ká ògiri, tábìlì kan wà láàárín, àpótí ìbò wà lórí rẹ̀, abọ́ irin kan tí wọ́n máa ń sun ìwé ìbò sí sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Fadá tí bíṣọ́ọ̀bù rán wá láti mójú tó ìdìbò jókòó sí ìdí tábìlì, ó ń nu awò ojú rẹ̀. Ẹnì kọ̀ọ̀kan á kọ orúkọ ẹni kan, orúkọ ara ẹni kò sí níbẹ̀, á ká a, á gbé e lọ síwájú, á sì búra pé ẹni tí òun gbà pé ó yẹ níwájú Ọlọ́run lòun yàn. Ẹni tó bá ní ju ìdajì ìbò lọ ló wọlé. Ní ìgbà àkọ́kọ́, kò sẹ́ni tó ní in. Máfọwọ́kàn ló pọ̀ jù, Olùkọ́ tẹ̀ lé e, èmi náà rí díẹ̀. Mo mọ àwọn tó kọ orúkọ mi, ọ̀dọ̀ mi ni àwọn àbúrò wọn ti bímọ.

Wọ́n ní ká lọ mu tíì. Nígbà tí mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, Máfọwọ́kàn dúró lẹ́bàá fèrèsé, àwọn èèyàn rẹ̀ ń lọ bá a lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn kì í pẹ́. Bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ wọn ni ọ̀rọ̀ di ọ̀rọ̀ òjò. Pẹ̀lẹ́ lákọ, ó lábo. Máfọwọ́kàn yíjú sí mi, ó ní, "Orúnkún rẹ ńkọ́?" Láti ìgbà tí a ti jọ wọ ilé yìí, kò bèèrè orúnkún mi rí, orúnkún náà sì ti ń dùn mí láti ìgbà tí irun mi ṣì dúdú. Mo ní ó ń sàn, mo mu tíì mi, àmọ́ tíì náà ò lọ dáadáa.

A tún dìbò. Àwọn mẹ́ta tó ń kà á jókòó, wọ́n ń ṣí ìwé, wọ́n ń pe orúkọ. Wọ́n pè mí. Wọ́n tún pè mí. Mo rò pé ìwé kan ṣoṣo ni wọ́n ń kà lákàtúnkà. Olùkọ́ di ọwọ́ mi mú. Nígbà tí wọ́n kà á tán, mo ti ní ju ìdajì lọ, wọ́n sì sun àwọn ìwé náà nínú abọ́ irin, èéfín gba gbogbo gbọ̀ngàn, a bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́.

Kí n má parọ́, inú mi dùn. Ó dùn fún ìwọ̀n ìgbà tí èèyàn lè fi gbé omi mì. Olùkọ́ ti ń sunkún lọ́rùn mi. Mo gbójú sókè, mo sì rí ẹni tó kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Máfọwọ́kàn ni. Obìnrin tí kì í pàtẹ́wọ́ fún ẹnikẹ́ni, tó ń ṣọ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bí ẹni pé owó ilé ló wà níbẹ̀, òun ló ń pàtẹ́wọ́ yìí. Àwọn èèyàn rẹ̀ tẹ̀ lé e, àwọn tí kò kí mi láàárọ̀, tí wọ́n rí mi tí wọ́n wo ìdàkejì. Gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín sí mi. Ibẹ̀ ni mo ti fura.

Mo wo àga Ìyá lókè, mo wá rí i kedere. Bí mo bá gbà, orí àga yẹn ni mo máa wà lọ́la nígbà tí wọ́n bá dé orí ọ̀rọ̀ ilé ìgbẹ̀bí. Máfọwọ́kàn á dìde, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á máa ṣàn bí omi, á sọ iye tí òrùlé máa gbà, á sọ iye tí ilé àlejò máa mú wọlé. Èmi tí mo mọ ìdáhùn máa jókòó, màá máa pe ẹni tó kàn. Kò sí ẹlòmíràn nínú gbọ̀ngàn náà tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́nu géètì yẹn. Màá fi ẹnu ara mi kéde pé wọ́n ti tì í. Wọ́n fẹ́ fi mí joyè kí wọ́n lè gba oko mi. Ẹni tí wọ́n bá fẹ́ sun jẹ kì í fi epo para kó wá jókòó sídìí iná.

Fadá dìde, ó bi mí bí wọ́n ṣe máa ń bi gbogbo ẹni tó bá wọlé. "Sístà, àwọn arábìnrin yín ti yàn yín láti jẹ́ Ìyá wọn. Ṣé ẹ gbà?"

"Mi ò gbà, Fadá."

Fadá yọ awò rẹ̀, ó tún fi í sójú, ó ní ṣé kò ní í dára kí n lọ gbàdúrà sí i. Mo ní mo ti gbàdúrà tán. Ó ní òfin ò ní kí n sọ ìdí, àmọ́ bí mo bá fẹ́ sọ ọ́, wọ́n á gbọ́. Mo ní, "Agbẹ̀bí ni mí. Ẹnu mi ni mo gbé wá sí ìpàdé yìí, mi ò lè fi ra àga."

Inú bí Olùkọ́ sí mi, ó jọ̀wọ́ ọwọ́ mi. Inú bí gbogbo àwọn tó fẹ́ mi tọkàntọkàn. Lójú wọn, mo gba ẹ̀bùn tí wọ́n fún mi, mo sì sọ ọ́ sílẹ̀ lójú wọn. Nígbà tí a tún dìbò, àwọn èèyàn Máfọwọ́kàn padà sẹ́yìn rẹ̀, díẹ̀ lára àwọn tí mo já kulẹ̀ sì fi ìbínú bá wọn lọ. Máfọwọ́kàn wọlé.

Fadá bi òun náà. Ó wo àga náà, ó wò mí. Ẹ̀bìtì tó dẹ fún mi ló ń wò yẹn, ó sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Bó bá jókòó síbẹ̀, ẹnu tirẹ̀ ni wọ́n máa dì. Mo mọ̀ pé kò ní lè kọ̀ ọ́, torí láti ìgbà tí a ti wà lọ́mọ tuntun ló ti ń wo àga yẹn bí ọmọ ṣe ń wo ẹran nínú abọ́ bàbá rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín sí i. Mo jẹ́ kó rí eyín mi.

"Mo gbà," ó ní.

A tò, a ń lọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wàá kó ọwọ́ rẹ méjèèjì sáàárín ọwọ́ rẹ̀, wàá ní, "Ìyá, ibi tí ẹ bá rán mi ni mo máa lọ." Ẹni yìí tí mo ń pè ní "ìwọ" láti ìgbà èwe, mo kúnlẹ̀ sórí orúnkún tó bèèrè, mo pè é ní "ẹ̀yin", kò sì dùn mí rárá. Mo sọ ọ́ sókè débi pé wọ́n gbọ́ mi lẹ́yìn. Ọwọ́ rẹ̀ tutù. Ó di tèmi mú díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, mo sì rò pé ìjákulẹ̀ ló ń ṣe é.

Lọ́jọ́ kejì, ó jókòó sórí àga, ó pe ọ̀rọ̀ ilé ìgbẹ̀bí. Ọ̀kan nínú àwọn èèyàn rẹ̀, sístà tó ń ṣe àkóso ibi ìdáná, dìde láti gba ọ̀rọ̀ náà sọ. Ó ní ilé náà ń jẹ owó. Wọ́n bi í pé èló. Ó wo Máfọwọ́kàn. Máfọwọ́kàn wo tábìlì. Wọ́n bi í pé àwọn wo ló máa wá sùn nílé àlejò lẹ́yìn ibùdókọ̀. Ó tún wò ó. Ní ìgbà kẹta tó wò ó, ẹnì kan rẹ́rìn-ín, sístà náà sì jókòó. Mo dìde. Mo sọ ti géètì, mo sọ ti òjò, mo pe àwọn obìnrin náà lọ́kọ̀ọ̀kan bí mo ṣe mọ̀ wọ́n, ẹni tó yè àti ẹni tí kò yè. Mi ò bẹ ẹnikẹ́ni. Mo ní kí ẹni tó bá fẹ́ ká tì í wá dúró lẹ́nu géètì yẹn, kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún wọn pé kí wọ́n padà. Nígbà tí a dìbò, ilé ìgbẹ̀bí mi dúró. Máfọwọ́kàn kéde rẹ̀, ohùn rẹ̀ ò yí padà. Mo jẹun yó lọ́sàn-án yẹn. Olùkọ́ ti gbọ́ ohun tó fà á tí mo fi kọ̀, ó wá tọrọ àforíjì, mo sì fún un ní ẹran mi.

Lọ́jọ́ tí ìpàdé máa tú ká, Ìyá tuntun pè wá wọ ọ́fíìsì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan láti sọ ibi tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ti máa ṣiṣẹ́. Mo wọlé tayọ̀tayọ̀, mo ti di ẹrù mi. Àga méjì wà níbẹ̀, kò ní kí n jókòó.

"O ò ní padà sílé ìgbẹ̀bí," ó ní. "Ilé àwọn sístà tó ti darúgbó lò ń lọ. Ọmọ wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ agbẹ̀bí ló máa gba ipò rẹ."

Mo rán an létí pé ìpàdé ti pinnu, pé òun fúnra rẹ̀ ló kéde rẹ̀, pé kò lè yí i padà.

"Kí ni mo yí padà níbẹ̀? Ilé ìgbẹ̀bí lo bẹ̀bẹ̀ fún, wọ́n sì ti jẹ́ kó dúró. Mi ò ní yọ bíríkì kan níbẹ̀. Ta ló dìbò pé kí ìwọ wà nínú rẹ̀?"

Ẹnu tí mo ní mi ò lè fi ra àga, kò rí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sọ. Èmi tí mo ronú débi àga, mi ò ronú kọjá àga. Gbogbo ọmọ tuntun ló mọ̀ pé Ìyá ló ń rán wa níṣẹ́, mo kàn gbàgbé pé èmi náà wà lára àwọn tí wọ́n lè rán. Mo bi í bóyá kí a tó dìbò ló ti ń ro èyí.

"Rárá. Nígbà tó o kọ̀, ó ṣe mí bíi kí èmi náà kọ̀. Mo wá rí ẹ̀rín tó ò ń rín." Ó fa ìwé ẹlòmíràn mọ́ra. "Mo ní ẹ jẹ́ kó rín in tán."

Mo ní, "Mo ti gbọ́, Ìyá." Ó dùn mí dé egungun. Bí mo bá ní mo dárí jì í lójú ẹsẹ̀, irọ́ ni mo pa, mo sì ti jẹ́wọ́ ìyẹn fún fadá.

Wọ́n jẹ́ kí n padà lọ fi iṣẹ́ lé ọmọ náà lọ́wọ́. Ọmọ dáadáa ni, ó mọ̀wé, àmọ́ ó ń bi mí ní ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Mo fi gbogbo nǹkan hàn án. Òfin wa ni pé bí èèyàn bá ti fi iṣẹ́ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, kì í tún tọwọ́ bọ̀ ọ́ mọ́. Àárọ̀ ọjọ́ tí ọkọ̀ wá gbé mi ni obìnrin kan wọlé pẹ̀lú ìrora. Mo mọ̀ ọ́n, ọ̀dọ̀ mi ló bí àwọn méjì tó ṣáájú sí. Ó nawọ́ sí mi, ó ní, "Màmá." Ọmọ náà wò mí bóyá màá wá. Mo ní kó mú un wọlé, kó gbé omi gbígbóná, kó má jẹ́ kí obìnrin náà rí i pé ẹ̀rù ń bà á. Mo ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn.

Ìjókòó gígùn kan wà níta tí àwọn ọkọ máa ń jókòó sí. Mi ò jókòó síbẹ̀ rí. Mo lọ jókòó ti ọkọ obìnrin náà, àpò mi wà lẹ́sẹ̀ mi. Awakọ̀ fọn fèrè, mo na ọwọ́ sí i pé kó dúró. Ọkùnrin náà ń wò mí, ó ní, "Màmá, ṣé ẹ̀yin ò ní wọlé ni?"

"Wọn ò rán mi síbẹ̀ mọ́," mo ní.

A jókòó. Obìnrin náà pariwo, ó pe orúkọ mi nínú ìrora, ọwọ́ mi ń yọ́ ṣe ohun tó yẹ kó ṣe lórí itan mi. Lẹ́yìn náà, ọmọ ké. Ohùn rẹ̀ dára, ó lágbára, kò sí nǹkan tó ṣe é. Ọkùnrin náà fò dìde, ó sáré wọlé. Èmi ò dìde. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń sunkún, mo ń bú Máfọwọ́kàn nínú mi, títí awakọ̀ fi wá gbé àpò mi.